Mo Sọ Ọmọ Ọdún Mẹ́fà Di Òpùrọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tó mọ̀ mí ní Ìsẹ́yìn lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún méjì, kò sì dà nínú mi. Ọmọ kékeré kan ló ń jìyà rẹ̀ báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Aṣọ òfì ni mo ń hun. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó mọ̀ pé A yàtọ̀ sí B. Ìyàwó mi, Ìyá Mùtíù, ló fi ẹ̀rín lé mi lọ sí kíláàsì àwọn àgbà. Òun fúnra rẹ̀, tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi ni. Bí ilé ìwé bá ti jáde, àwọn ọmọ àdúgbò a jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì mi, òun a máa kọ́ wọn ní lẹ́tà. Èmi náà a máa tẹ́tí.

Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú un lọ. Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, àwọn ẹbí rẹ̀ wá pín ẹrù rẹ̀. Nílé tiwa, ọmọ àti àbúrò ló ń pín ẹrù obìnrin. Ọkọ kì í mú níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Sàdíátù, tó ń ṣe tíṣà ní Ṣakí, béèrè ìwé kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń kọ nǹkan sí. Mo ní n kò rí i.

Irọ́ ni. Mo ti fi í sábẹ́ òwú nínú agbọ̀n. Mo kàn fẹ́ kí ohun kan tó jẹ́ tirẹ̀ kù sí mi lọ́wọ́ ni.

N kò sì lè kà á. Lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ ni mo mọ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé Ìyá Mùtíù so mọ́ra wọn bí òwú tó lọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọmọ tún dé, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Wọ́n tẹ́ ẹní fúnra wọn, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí. Ilé ti dákẹ́ jù. N kò fẹ́ kí wọ́n lọ. Mo bá gbé ìwé náà jáde, mo ní, "Ìyá yín kọ nǹkan sílẹ̀ fún yín. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ rere tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ ìwé yìí wà láàárín wa o."

A, àgbà ni kí o kọ́kọ́ kí. D, dúpẹ́ kí o tó jẹun. F, fún ẹnìkejì rẹ nínú tìrẹ. Orí mi ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ọjọ́ tí a dé U, mo wá ọ̀rọ̀ tó fi í bẹ̀rẹ̀ títí, n kò rí. Mo ní Ìyá Mùtíù kọ ọ́ pé kí a sinmi lọ́jọ́ U, kí a kàn máa rẹ́rìn-ín. A rín in títí tí àwọn aládùúgbò fi yọjú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi lórí P. Mo ní, P, pọn omi fún ẹni tó ń dá gbé. Ní gbogbo àdúgbò wa, èmi nìkan ni mo ń dá gbé. Láti ọjọ́ náà ni kẹ́ẹ̀gì kéékèèké ti ń tò wọlé láràárọ̀. Ìkòkò kún, garawa kún. Mo ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kí omi má baà ṣòfò. Rọ́fíà, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló máa ń ṣáájú wọn. Lọ́jọ́ kan ó yọjú wo ìkòkò, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú. Omi àná ṣì wà níbí."

Inú mi dùn lásìkò yẹn. Àwọn ìyá wọn ń sọ pé àwọn ọmọ ń kí ènìyàn, wọ́n ń pín nǹkan jẹ. Ìyá Ìbejì ní Kẹ́hìndé bẹ Táyé láìsí ẹni tó gbé ẹgba.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, Sàdíátù wá kí mi. Rọ́fíà ru kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wọlé. Sàdíátù yìn ín, ó béèrè ẹni tó rán an.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. P ni. Ó wà nínú ìwé Ìyá Mùtíù."

"Ìwé wo?"

"Èyí tí Bàbá máa ń kà fún wa."

Sàdíátù yíjú sí mi. Mo ní, "Má dá a lóhùn jàre. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni."

Ó fa ọmọ náà létí. "A kì í parọ́ mọ́ òkú. Ṣé o gbọ́?"

Rọ́fíà kò sunkún. Ó kàn ń wò mí, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Mo yíjú sí òfì mi. Ó da omi rẹ̀ sínú ìkòkò, ó lọ. Nígbà tí Sàdíátù ń padà lọ, ó dúró ro ẹjọ́ náà fún ìyá Rọ́fíà. Láti ìgbà náà, bí ọmọ náà bá la ẹnu nílé, wọ́n á ní, "Ṣé kì í ṣe irú irọ́ ọjọ́sí nìyí?"

Ó ṣì ń wá kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Bí mo bá bi í ní nǹkan tó mọ̀ dáadáa, á ní òun kò mọ̀.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá Sùlè tí òfì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ọdún mẹ́fà lo fẹ́ máa bẹ̀, pẹ̀lú irùngbọ̀n yìí? Ra bisikíìtì fún un, á gbàgbé."

Mo rà á. Rọ́fíà pín in kárí, kò jẹ ẹyọ kan.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n kọ́ wa ní kíka ọwọ́ ìkọ̀wé ní kíláàsì àwọn àgbà. Mo délé, mo ṣí ìwé náà. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà kọ́ ló wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tí Ìyá Mùtíù rí lára rẹ̀. Kẹ́hìndé ń bẹ̀rù òjò, kí ó máa jókòó nítòsí ògiri. Mo ń kà á, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo wá dé ojú ewé Rọ́fíà. Ó kọ ọ́ pé, "Ohun tó bá rí ló máa ń sọ. Kí ẹnikẹ́ni má gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀."

Èmi ni mo gbà á.

Sàdíátù ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé ìwé wà lọ́wọ́ mi. Bíbẹ òun kò le, a mọ bí àgbà ṣe ń bẹ àgbà. Ọmọ náà ni n kò mọ bí n ó ṣe bẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ ọmọdé rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ kọ́kọ́ sọ? Ṣé kí n dúró ni, àbí kí n lóṣòó kí ojú wa lè ṣe déédéé? Ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì tètè dá mi lóhùn. Mo fẹ́ kí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun àti ìyá rẹ̀, kí wọ́n jọ gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé Rọ́fíà kò parọ́.