Wọ́n Ní Kó Gba Lẹ́tà Pásítọ̀

Yunifásítì kan ní kí ọmọ Mùsùlùmí kan tó ń kàwé níbẹ̀ lọ gba lẹ́tà lọ́dọ̀ pásítọ̀ kí wọ́n tó lè ka iṣẹ́ ìwádìí tó kọ lórí àwọn Kristẹni àkọ́kọ́. Ibi tí wọ́n ti ń di ìwé ní Òkóta ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ tó ń taṣọ ní ọjà Aswani.

"Pásítọ̀ kẹ̀? Àbí kí n lọ bẹ èyí tó ń ra léèsì lọ́wọ́ mi? Ṣé ìwàásù lo kọ ni?"

"Rárá o, Mọ́mì. Ìtàn ni. Wọn ò tíì ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn. Ilé obìnrin aláṣọ kan ni àwọn kan nínú wọn ti ń pàdé."

"Aláṣọ bíi tèmi? Tí gbogbo wọn bá wá lọ tán, ta ló ń gbálẹ̀?"

Ọmọ náà pàtẹ́wọ́. "Orí kẹrin ìwé mi nìyẹn! Ó jọ pé àwọn ẹrú ilé ni, Mọ́mì. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀."

"Ìwọ wá ń wá wọn?"

"Mò ń wá wọn, mà."

"Jẹ́ kí wọ́n bá ẹ di ẹ̀dà méjì sí i. Èmi náà ń bá ẹ lọ sí yunifásítì yín lọ́la."

Ta ló ń gbálẹ̀? Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ nípa ẹ̀sìn ní yunifásítì, olùkọ́ kankan ò bi wá ní ìbéèrè tó mú tó yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọmọ náà ní yunifásítì, òfin wo ló ní kí pásítọ̀ fọwọ́ sí ìtàn? Ta ló ṣe òfin ọ̀hún? Ojú ìwé mélòó lẹ kà kí ẹ tó dá iṣẹ́ ọmọ yìí padà?