Èmi Ni Mo Ń Yọ Wáyà Náà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ǹ bá má sọ ọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọkọ mi tún wọ abẹ́ tábìlì kọ̀ǹpútà, mo sì mọ̀ pé mi ò lè gbé e mọ́.

Kado níbí, ní olú-ìlú ìjọba àpapọ̀, là ń gbé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni àwa méjèèjì. Ọdún kẹfà rèé tí a ti ṣègbéyàwó, a ò tíì bímọ. Ìyá ọkọ mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọkọ mi á pè wọ́n lórí kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀, kó lè rí ojú wọn dáadáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró ní pálọ̀ wa, ìdí nìyẹn tó fi fa wáyà láti ara rúta, ẹ̀rọ tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nínú yàrá wá sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà.

Màmá fẹ́ràn mi. Wọn ò ṣe mí níkà rí. Àdúrà wọn ni mi ò lè fara dà. Wọ́n á ní kí n kúnlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀: "Ìyàwó mi, wàá gbọ́mọ pọ̀n, wàá gbọ́mọ jó. Àwọn tó ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ á wá kí ẹ kú ewu ọmọ." Àwọn ará ilé lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún á máa ṣe àmín, àwọn aládùúgbò á máa yọjú sí fóònù. Tí tèmi ò bá dún, wọ́n á ní, "Mi ò gbọ́ àmín ẹ o." Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń dìde lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń ṣàdúrà fún un? Ta ló ń sọ pé àdúrà ti tó?

Lọ́jọ́ kan, níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, ọwọ́ mi ṣèèṣì kọ wáyà náà, ó sì yọ. Ojú Màmá dúró gbagidi, lẹ́yìn náà ó pòórá. Ara tù mí. Òtítọ́ ni mo ń sọ fún yín, ara tù mí. Láti ọjọ́ náà, tí àdúrà bá ti dórí ọ̀rọ̀ ọmọ, tí ọkọ mi sì ti dijú, ọwọ́ mi á ti yọ́ lọ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Kí ọkọ mi tó rí i tún ṣe, á ti rẹ Màmá.

Ọkọ mi kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́ lójú rẹ̀ kó dákẹ́. Ó yí wáyà sí ihò mìíràn lára rúta. Ó ra wáyà tuntun. Èyí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ni mo bá fi èékánná ṣẹ́ ìkọ́ kékeré tó ń di ẹnu rẹ̀ mú. Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ ará Ìlọrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Jabi, ìyẹn ò rí nǹkan kan. Ọkùnrin náà tẹ̀ lé e wálé, ó wò ó títí, ó ní, "Kai, ẹ̀gbọ́n, wáyà yìí ò ṣe nǹkan kan o, ìkọ́ ẹnu rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́. Nǹkan kan ló ń fà á." Èmi tí mo gbé omi wá fún un ni mo dáhùn pé eku ni. Ọkọ mi ra gọ́ọ̀mù eku. Mo bá a tẹ́ ẹ sẹ́bàá ògiri.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn tí a bá Màmá sọ̀rọ̀, wọn ò kọ́kọ́ ṣàdúrà. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, sún mọ́bí. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn nípa tìẹ." Mo rò pé wọ́n fẹ́ ní kí ọmọ wọn fẹ́ ìyàwó kejì ni. Mo fa wáyà yọ. Nígbà tí ọkọ mi máa fi rí wọn pè padà, wọ́n ti ń lọ sùn, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ni Màmá kú.

Níbi ìsìnkú ni Bọ́sẹ̀, àbúrò ọkọ mi tó máa ń bá Màmá di fóònù mú, ti fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀bẹ̀ ni Màmá fẹ́ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n láwọn ń wo ojú ẹ nígbà àdúrà, àwọn ò tètè mọ̀ pé ó ń dùn ẹ́. Wọ́n láwọn ò ní ṣe é lójú èèyàn mọ́." Mo sunkún débi tí àwọn èèyàn fi ń yìn mí pé mo fẹ́ràn ìyá ọkọ mi. Bọ́sẹ̀ ní èmi ni kí n fẹnu ara mi sọ ọ̀rọ̀ Màmá yìí fún ọkọ mi. Mi ò tíì sọ ọ́.

Ara rẹ̀ ló ń dá lẹ́bi. Á ní, "Wáyà lásánlàsàn ni mi ò lè tún ṣe, tí ìyá mi fi gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́run." Kò pe ẹnikẹ́ni lórí kọ̀ǹpútà náà mọ́, síbẹ̀ gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń tàn án, tó ń wọ abẹ́ tábìlì, tó ń wo iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá yẹn, ó jáde lábẹ́ tábìlì, eruku wà lórúnkún rẹ̀. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí Màmá ti kú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ò já rí. Kí ló dé?"

Mo ní, "Bóyá eku yẹn ti kú ni, ọkọ mi." Ó gbà mí gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, eku náà ò kú. Òun ló ń kọ̀wé sí yín yìí. Ẹ bá mi wá ẹnu tí màá fi sọ ọ́ fún un.