Iná Tí Mo Ní Ó Ti Kú

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi, mi ò kọ ọ́ síbẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí nínú bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ìyàwó mi ò mọ̀. Pásítọ̀ mi ò mọ̀. Ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohun tó sì wá bẹ̀ mí fún ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni mo ń ṣe, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí réwáyà. Ẹ̀gbẹ́ kánàálì ní Festac ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu, mo mọṣẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ti gbé kiri láti Máìlì Tú dé Sátẹ́láìtì tí wọn ò rí ohun tó ń ṣe é, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń gbé e bọ̀ kẹ́yìn. Dókítà Iná ni wọ́n ń pè mí, mo sì fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà náà, bàbá kan ń gbé nítòsí wa tí a ń pè ní Bàbá Ajíhìnrere. Iṣẹ́ ìwàásù ni wọ́n ń ṣe láti ìlú dé ìlú. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló fi ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan ránṣẹ́ sí wọn, irú èyí tí ibùsùn, ìdáná gáàsì àti ilé ìwẹ̀ wà nínú ẹ̀, kí àwọn òbí òun má baà máa sùn káàkiri ilé onílé. Ilé-Ń-Rìn ni àwọn ará àdúgbò sọ ọ́. Kàmọ́rù, ọmọ Ìwó, ló ń wà á. Ẹgbẹ́ mi ni, onísùúrù ènìyàn sì ni.

Bátìrì méjì ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, èkejì ń ṣiṣẹ́ fún iná àti fáànù ibi tí wọ́n ń sùn. Pánẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà lókè ilẹ̀kùn, iná pupa kan sì wà lára ẹ̀. Bí nǹkan ò bá lọ dáadáa níbi bátìrì kejì yìí, iná pupa náà á tàn, á sì máa ké: pí, pí, pí.

Ọkọ̀ náà ò tíì lò tó oṣù kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Wọ́n gbé e wá. Mo rí i pé fíúùsì kan ti jó, mo pààrọ̀ ẹ̀, iná pupa kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún dé. Mo fọ orí bátìrì, mo di àwọn wáyà ẹ̀ dáadáa, mo tún fi fíúùsì tuntun sí i. Ó lọ. Ìgbà tí wọ́n ti Bàdágìrì dé, ó tún ti ń ké. Mo pààrọ̀ bátìrì fúnra ẹ̀. Mo yẹ ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì ẹ̀ wò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Tó bá wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, á dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó jẹ ẹran inú ìkòkò. Tó bá ti wọ kòtò ojú títì, á bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n gbé e padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní aláìsàn Dókítà ò gbóògùn. Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi gan-an.

Ìgbà karùn-ún yẹn ni mo rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo tẹ̀lé wáyà kan láti ibi bátìrì títí dé ìdí ibùsùn. Níbi tó ti wọ ẹ̀yìn pákó, ara ẹ̀ ti pọ́n bí àkàrà tó fẹ́ jóná, ó sì ń rùn. Mo mọ ohun tó jẹ́. Wáyà yẹn ti ń ha irin níbi kan tí ojú mi ò tó, rọ́bà ara ẹ̀ sì ti bó. Bí ọkọ̀ bá ti mì, á fara kan irin, fíúùsì á jó, iná pupa á tàn. Gbogbo ariwo tí ọkọ̀ náà ti ń pa láti ọjọ́ yìí, òótọ́ ló ń sọ.

Kí n tó lè dé ibẹ̀, mo ní láti tú ibùsùn àti gbogbo pákó ẹ̀yìn ẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọ̀túnla sì ni Bàbá Ajíhìnrere fẹ́ lọ wàásù ní Ìjẹ̀bú. Yàtọ̀ síyẹn, mo ti búra fún wọn nígbà kẹrin pé iná yẹn ò ní tàn mọ́ láé. Ojú tì mí láti sọ fún wọn pé ibi tí kò dun ọkọ̀ náà ni mo ti ń fi oògùn pa láti ọjọ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbéraga ni. Mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní, "Dókítà, mi ò fẹ́ rí iná yẹn mọ́ o. Ṣáà bá mi pa á."

Ẹ wo èdè wa. Iná là ń pe èyí tó ń tàn, iná náà là ń pe èyí tó ń jó. Wọ́n ní kí n pa iná, mo sì mọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn. Mo tú pánẹ́ẹ̀lì, mo yọ gílóòbù pupa inú ẹ̀, mo gé wáyà tó ń mú un ké. Kí fíúùsì má baà tún jó, mo ká wáyà kọ́pà tó nípọn sí ojú ihò ẹ̀. Fíúùsì ló yẹ kó jó kí nǹkan mìíràn má baà jó. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi nìyẹn.

Mo ní, "Iná ti kú, sà."

Inú Bàbá dùn, wọ́n súre fún mi. Ìyàwó wọn, Màmá, ni ọkàn wọn ò tíì balẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọn kì í pè mí ní Dókítà, "ọmọ mi" ni wọ́n máa ń pè mí. Wọ́n wo pánẹ́ẹ̀lì náà títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ó ti kú pátápátá? Ṣé mo lè máa sùn nínú ẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ máa sùn ní tiyín, mà. Kò séwu."

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Wọ́n lọ sí Ìjẹ̀bú, wọ́n dé láyọ̀. Oṣù kan kọjá, oṣù kejì kọjá. Àwọn ènìyàn ń yìn mí. Mò ń sọ fún ara mi pé màá ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá kí n tú ibùsùn yẹn. Tí mo bá rí wọn, mi ò ní lè sọ ọ́. Nígbàkígbà tí Ilé-Ń-Rìn bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, màá tẹ́tí sílẹ̀. Kò ké. Èmi ni mo gba ohùn lẹ́nu ẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òde ìwàásù dé láti Abúlé Adó, títì ibẹ̀ ò sì dáa rárá. Àwọn oníná ti mú iná lọ, inú ilé gbóná. Màmá fi Bàbá sílẹ̀ nínú ilé, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ na ẹ̀yìn díẹ̀ lábẹ́ fáànù inú ọkọ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn nítorí ẹ̀fọn. Wọ́n sùn.

Kàmọ́rù ló kọ́kọ́ rí èéfín. Ọwọ́ lásán ló fi fọ́ fèrèsé, ọwọ́ lásán náà ló fi ń fa pákó tó ń jó. Àwọn aládùúgbò da omi, wọ́n da yẹ̀pẹ̀. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbé Màmá jáde, èéfín ti ṣe tiẹ̀. Kí wọ́n tó dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́.

Ìdí ọkọ̀ kan ni mo wà nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń béèrè ohun tó fà á. Èmi ò béèrè.

Kàmọ́rù ti se omi tíì lórí gáàsì inú ọkọ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun pa á. Àwọn kan ní kò pa á. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn àgbà ìjọ ní kí wọ́n lọ pe Dókítà Iná, kó wá sọ bóyá wáyà ni tàbí gáàsì.

Mo lọ. Wọ́n dúró síta, èmi nìkan ni mo wọnú eérú yẹn. Ibi fíúùsì ni mo kọ́kọ́ wò. Wáyà kọ́pà mi ṣì wà níbẹ̀. Ó ti dúdú, ṣùgbọ́n kò já. Mo yọ ọ́, mo fi í sápò. Mo jáde. Kàmọ́rù dúró láàárín wọn, wọ́n ti fi báńdéèjì we ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì, ó ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Gáàsì ni."

Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bàbá Ajíhìnrere ò fi ọlọ́pàá mú un, wọ́n ní àwọn ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kó máa lọ, kí ojú àwọn má tún rí i mọ́. Nígbà tí mò ń padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ju wáyà yẹn sínú kánàálì.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní tèmi, èmi tí mo ṣu ni mi ò gbàgbé. Mi ò kì í sùn níbi tí fáànù bá wà mọ́. Ìyàwó mi rò pé òtútù ló ń mú mi.

Ìka Kàmọ́rù ò nà dáadáa mọ́, kò lè wa ọkọ̀. Géètì ilé kan ló ń ṣọ́ ní Ìjẹ̀gùn báyìí. Èyí tó burú jù ni pé òun gan-an ti gbà pé òun ló ṣe é. Lọ́dún àkọ́kọ́, tó bá rí mi, á ní, "Dókítà, mo pa gáàsì yẹn. Mo rántí." Nígbà tó yá, ó di, "Àbí mi ò pa á ni?" Èmi náà á ní kó fi sílẹ̀, pé ó ti kọjá. Irọ́ mi ló ń jẹ òtítọ́ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú mi báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá. Ó ní ọmọ òun obìnrin ń lọ ilé ọkọ, òun ò sì fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ Màmá tẹ̀lé ọmọ náà dé ọ̀hún. Ó fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ajíhìnrere, kó jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ lòun ò pa gáàsì, kí wọ́n lè dárí ji òun. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ènìyàn kì í dá nìkan lọ bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. A máa ń mú ẹni tí àgbà náà ń gbọ́ tiẹ̀ dání, kó bá wa bẹ̀bẹ̀. Èmi ló yàn. Ó ní Bàbá fọkàn tán mi. Ó fẹ́ di ọwọ́ mi mú, ìka ẹ̀ ò lè ká.

Ẹ jọ̀ọ́, mo gbà. Mo ní màá bá a lọ.

Sọ́ńdè tó máa parí oṣù yìí ni, lẹ́yìn ìsìn. Mo ní ọmọ mẹ́rin nílé. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé wọ́n lè wá fi mí sátìmọ́lé, mo sì mọ ojú tí Bàbá máa fi wò mí. Tí mi ò bá sọ̀rọ̀, aláìṣẹ̀ máa fẹnu ara ẹ̀ gba ikú ìyá oníyàá, èmi ni màá sì wà níbẹ̀ tí màá máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dárí jì í. Mo ti gbàdúrà. Kò sí èsì tí mo gbọ́ tí kì í ṣe èyí tí mò ń sá fún.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọlọ́run, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí a bá dé ọ̀hún tí Kàmọ́rù sì dọ̀bálẹ̀, ṣé kí n dúró tì í kí n máa bá a bẹ̀bẹ̀ ni, àbí òun gan-an ni kí n dọ̀bálẹ̀ fún?