Ohun Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Ajá

Wọ́n pa ajá ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bá mi wí, ajá tí olóògbé fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ láti kékeré, Tẹ̀lé-mi, ajá ọdún mọ́kànlá tí kì í gbó mọ́ àlejò, ọjọ́ kẹjọ péré tí mo fà á lé wọn lọ́wọ́ ní ilé tí wọ́n ń kó ajá tí kò lẹ́ni sí, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó tán. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ilé ìtọ́jú kọ́ ni wọ́n kọ sára ògiri wọn?

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Ta ló ní kí n mú un lọ? Ẹ rí i, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe. Abẹ́ máṣíìnì mi ló ń sùn látìgbà tí ìyá ilé ti kú, irun rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ aṣọ oníbàárà. Ìyá ìyàwó kan da aṣọ funfun ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ padà sí mi lójú gbogbo èèyàn. Àti pé, ká má purọ́, bó bá ti gbọ́ ìró bàtà obìnrin níta, á dìde, á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa ju ìrù. Mi ò lè wò ó mọ́.

Akọ̀wé wọn ní kò sáyè, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àfi ajá tó bá ń bu èèyàn jẹ ni wọ́n ń gbà lójú ẹsẹ̀. Bírò sì ti wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù wọn pé ó bu ọmọdé méjì jẹ.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Kò bu eṣinṣin jẹ rí.

Ṣùgbọ́n ṣé kí wọ́n wá pa á ni? Ọmọbìnrin mi ò mọ ohun tí mo kọ. Ó ní wọ́n pa ajá ìyá òun láìnídìí, ó kó èèyàn jọ, wọ́n gbé páálí, wọ́n ní kí ìjọba fòfin de abẹ́rẹ́ náà, kí wọ́n sì lé obìnrin dókítà ẹranko tó gún un lọ. Ìpàdé wáyé lánàá. Àwọn kan ní ẹ̀mí lẹ̀mí ń jẹ́, àwọn kan ní níbo la fẹ́ kó gbogbo wọn sí. Ọmọ mi fà mí dìde. Ẹ̀gbọ́n mi, mo pe obìnrin yẹn ní apani lójú igba èèyàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí a ń túká ni dókítà náà wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ki ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, “Bàbá, orí itan mi ló sùn sí. Ó ń lá mi lọ́wọ́. Ó ṣe mí ní kàyéfì, àmọ́ ohun tí ẹ kọ ni mo gbà gbọ́.”

Ẹ ò rí i pé òun náà jẹ̀bi? Bí ajá bá ń lá ọ lọ́wọ́, ṣé kò yẹ kí o tún un wò ni? Ó yẹ. Ó yẹ, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tirẹ̀ ò lè bo tèmi. Ó lè ka ìwé yẹn síta lójú gbogbo wọn, kò kà á. Ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kí n lè gbójú sókè. Àfọwọ́fà ni mo fà.

Ọ̀la ni wọ́n máa dìbò bóyá kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ dókítà náà. Ẹ má sọ fún mi pé kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọmọ mi wà ní ilé ìdáná, ẹ ń gbọ́ bó ṣe ń fọ àwo. Ẹ pè é wá. Kí ẹ wá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn, kí ẹ má jẹ́ kí n jáde títí màá fi sọ ọ́ fún un tán.