Ilé Tí Kò Tà

Inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Àpòmù sí Ìkirè ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àgbà méjì kan tí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọ̀kan fẹ́ ta ilé rẹ̀ kó lè lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ n'Íbàdàn. Ó ní, "Èèyàn mẹ́rin ló ti wá wo ilé yẹn, kò sí èyí tó padà wá. Mo fẹ́ gbé e fún ejẹ́ńtì."

Èkejì, tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, ta kìjí. "Ejẹ́ńtì kẹ̀? Tà á fúnra rẹ. Ṣebí èmi ni mò ń bá ọ mú wọn yí ilé ká?"

"Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Kí lo máa ń sọ fún wọn?"

"Mo ní òrùlé ń jò."

"Òrùlé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀?"

"Mo ní kànga máa ń gbẹ."

"Kànga tí ìwọ náà ń wá pọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn!"

"Mo tún ní aládùúgbò rẹ máa ń pariwo."

"Èyí nìkan ni òótọ́ níbẹ̀!"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí onílé. Ni èkejì bá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tá a ti jọ ń gbé. Tó o bá lọ, ta ni màá máa bá jà láràárọ̀?"

Onílé yíjú sí fèrèsé. Ó ń wo ìta títí a fi wọ Ìkirè, ó wá mí kanlẹ̀.

"Mo ti lọ wo Ìbàdàn ọ̀hún. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, mi ò rí ẹni tó máa bú mi padà."