Àpótí Kékeré Tó Gbé Ohùn Ìyá Mi Lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Ọ̀la ni wọ́n ní kí n wá kúnlẹ̀ níwájú ẹbí ọkọ mi níbí ní Sakété, kí n tọrọ àforíjì. Èmi tí wọ́n ṣẹ̀ ni kí n máa bẹ̀bẹ̀! Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ọmọ ìlú Towé ni mí. Nígbà tí àìsàn dá ìyá mi wólẹ̀, ó mọ̀ pé òun ò ní bá wọn débi ìgbéyàwó Ràfíátù, ọmọ mi àgbà. Ó ní kí n gbé fóònù wá, ó sì sọ àdúrà tó fẹ́ ṣe fún un lọ́jọ́ náà sínú rẹ̀. Ó kì í, ó sunkún díẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní kó má fi ọbẹ̀ àná bọ́ ọkọ rẹ̀. Ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ arúgbó! Kò pẹ́ tó fi kú.

Fóònù mi ti kún, ni àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Kútọnu bá mú àpótí kan wá tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Èèyàn á kàn tì í bọ pírísì iná ara ògiri, á sì máa tọ́jú fọ́tò, fídíò àti ohùn gbogbo ará ilé. Kálukú á máa fi fóònù tirẹ̀ wò ó láìra mẹ́gà íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. A kó ohùn ìyá mi síbẹ̀, a pa ti orí fóònù rẹ́. Àbúrò mi kìlọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á yọ lójijì o. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù pa á ná."

Pírísì kan ṣoṣo ló sì wà ní pálọ̀. Ibẹ̀ ni àbúrò ọkọ mi obìnrin ti ń lọ ìborùn rẹ̀ láràárọ̀ kó tó lọ sọ́jà. Mo jù ú lọ́jọ́ orí dáadáa, àmọ́ ó ti wà nílé kí n tó dé, ọkọ mi ni. N kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Eyínfúnjowó ni mò ń pè é. Fìà ló máa ń fa àpótí náà yọ. Mo fẹ̀rín bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní: "Ìyàwó wa, ṣé ó lẹ́mìí ni, tí a ó fi kọ́kọ́ pa á?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà ń rẹ́rìn-ín!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ mú ohùn náà jáde, nítorí ìgbéyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Iná àpótí ń ṣẹ́jú lọ́wọ́ ni Eyínfúnjowó bá dé, ó fà á yọ. Ẹnu mi ya: "Bàsírà!" Mo pe orúkọ rẹ̀ ṣánṣán. Gbogbo ilé ló gbọ́.

Àpótí náà kò tan mọ́. Àbúrò mi gbé e lọ, ó ní kò sí ohun tóun lè rí yọ nínú rẹ̀. Àmọ́ ìyẹn kọ́ lẹjọ́ ilé wa o! Ẹjọ́ ni pé ìyàwó dárúkọ ọkọ. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Àwọn àgbà ẹbí ọkọ mi ti ìlú Yoko wá dá ẹjọ́ náà.

Bí n kò bá kúnlẹ̀, wọn ò ní jókòó níbi ìgbéyàwó ọmọ mi. Ràfíátù sì ń bi mí ìgbà tóun máa gbọ́ ohùn ìyá àgbà. N kò tíì lè sọ fún un. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ni kí n ṣe? Àwọn àgbà rojọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó bi mí pé kí ni ìyá mi sọ.