Òwe Tí Mo Pa Mọ́ Àwọn Àgbà

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àádọ́ta kọ́bọ̀ ni mo fi ń jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Lónìí, ní Mile 2, àádọ́ta náírà kò tó ra omi inú ọ̀rá. Gbogbo nǹkan ló ti gbówó lórí. Ìmọ̀ràn àgbà nìkan ló ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́, bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ń pín in kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀kan nínú ìmọ̀ràn náà ti ba ayé ẹnì kan jẹ́, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní àdúgbò wa ní Festac, Bàbá Olówe ni wọ́n ń pè mí. Bí tọkọtaya bá jà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òwe tí mo mọ̀ kò tó nǹkan. Ìwé ni mo kà, n kò gbé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà. Bí òwe bá tán lẹ́nu mi, mo máa ń ṣe tèmi, mo á wá fi "àwọn àgbà ní" ṣáájú rẹ̀. Ẹ mọ̀ wá, àwa Yorùbá: bí ọ̀rọ̀ bá ti gba ẹnu àgbà kọjá, kò sẹ́ni tó ń bi í pé ọmọ ta ni.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tí Káyọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi láti yunifásítì, rán mi níṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó fẹ́ fẹ́ Ìyá Fúnkẹ́, opó kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ó ní kí n bá òun ṣe alárenà. Mo gbà.

Lọ́jọ́ náà, káfíńtà kan ń tún ilẹ̀kùn ilé mi ṣe. Ó ń kùn ṣáá pé ẹni tó kọ́kọ́ kàn án ló bà á jẹ́, pé kò lè padé dáadáa mọ́ láé. Ìyá Fúnkẹ́ dé, ó jókòó ti èmi àti ìyàwó mi níwájú ilé.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ọ̀rẹ́ yín ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Ṣé kí n gbà?"

Kí n kàn sọ pé kó gbà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ara mi ni pé, "Àwọn àgbà ní, ilẹ̀kùn tí káfíńtà méjì bá kàn kì í padé."

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Àwọn àgbà ti parí ẹ̀ nìyẹn." Ó dìde, ó lọ.

Àgbà wo ló mọ káfíńtà? Kò sẹ́ni tó bi mí.

Nígbà tí Káyọ̀dé gbọ́ pé ó kọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú. Ó ní, "Ìwọ náà, pẹ̀lú gbogbo òwe tó kún ẹnu ẹ, o ò rí ẹyọ kan pa fún un?" Mo ní mo gbìyànjú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo ṣe é. N kò mọ̀. Ṣé ìlara ni? Ṣé mo ń bẹ̀rù pé bó bá kó lọ sílé Káyọ̀dé ní Amúwo, kò ní sẹ́ni tí yóò máa wá gbọ́ òwe mi nírọ̀lẹ́ mọ́? Àbí dídùn tí òwe náà dùn lẹ́nu ló tàn mí? Lọ́jọ́ kan mo á ní eléyìí ni, lọ́jọ́ kejì mo á ní tọ̀hún ni.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kú. Àfi bí Fúnkẹ́ ṣe wá bá mi lóṣù tó kọjá. Káyọ̀dé, tí kò fẹ́ ẹlòmíràn láti ìgbà náà, ti tún ránṣẹ́ sí Ìyá Fúnkẹ́.

"Dádì, inú gbogbo àwa ọmọ ló dùn sí i. Màámi náà ń rẹ́rìn-ín sí fóònù bí ọmọge. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò lè ṣe é, pé àwọn àgbà ní, ilẹ̀kùn tí gbẹ́nàgbẹ́nà méjì bá kàn kì í padé. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin lẹ mọ òwe. Ṣé kò sí òmíràn tó lè borí ẹ̀?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà! Òwe mi ti hu irùngbọ̀n. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Ọkàn mi ti pín sí méjì. Mo lè ṣe òwe tuntun lónìí, kí n ní àwọn àgbà ló sọ ọ́, Ìyá Fúnkẹ́ yóò sì gbà á gbọ́. Kódà, ó ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ni yóò tún jẹ́. Bí mo bá sì sọ òótọ́, yóò mọ̀ pé tìtorí kíkùn káfíńtà ni òun fi dá gbé fún ọgbọ̀n ọdún. Ṣé yóò wá fẹ́ Káyọ̀dé, àbí ìbínú nìkan ni yóò kù sí i lọ́kàn? Gbogbo ìjà tí mo parí ní àdúgbò yìí ńkọ́? Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ ńkọ́, tó ṣì ń pè mí lọ́rẹ̀ẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, èwo ni kí n ṣe? Ẹ má fi òwe dá mi lóhùn. Ẹ sọ ọ́ ní tààrà, kẹ́ ẹ sì tètè sọ ọ́. Ìyàwó mi, ẹnì kan ṣoṣo tó wò mí lójú lọ́jọ́ náà lẹ́yìn tí mo pa òwe yẹn, ti kú. Káfíńtà náà ti kú. Káyọ̀dé ṣì wà láàyè ní Amúwo, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ìyá Fúnkẹ́ wà. Èmi náà wà.